“Ẹ Tà Á!”: Ìjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Òrè àti Odigbó

Nígbà tí a lẹ àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ́ ara ògiri ẹ̀ka wa, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìjálá bi mí léèrè bóyá ogbó ti dé sí mi tí mo fi kúrò nídìí ewì, tí mo wá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo ní kí ó wá jókòó síwájú. Mo rí i níbẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Àwọn ènìyàn wa ní Òrè àti ní Odigbó a máa jiyàn nígbà gbogbo lórí bóyá ó yẹ kí a ta agbábọ́ọ̀lù tí kò ṣe dáadáa tó, tàbí kí a mú sùúrù fún un. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ọnà ni ìjiyàn yìí, pé ó ní òfin tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn ń pa mọ́, àti pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó wà láàárín rẹ̀, èyí tíí ṣe ‘tà’, ń ru ẹrù tí àwọn tí ń lò ó kì í sábà fiyè sí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, ọdún 2019, mo ń lọ sí Bìní. Gbogbo yín ni ẹ mọ Òrè. Ìkóríta ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Okitipupa, ibẹ̀ sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó. Mọ́tò wa kọṣẹ́ níbẹ̀, awakọ̀ sì lọ wá mẹkáníìkì. Mo rìn lọ sí abẹ́ agbòòrùn kan tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá ti yí tábìlì náà ká, tí wọ́n ń ka àkọlé ìròyìn láìra ìwé kankan. Ìròyìn tí ó gba ẹnu wọn ni pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ta Alex Iwobi fún Everton ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 28 fún ìbẹ̀rẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti bí Iwobi ní ọdún 1996, ọmọ arábìnrin Jay-Jay Okocha sì ni. Láti kékeré ni ó ti wà lọ́dọ̀ Arsenal. Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ wa ni wọ́n tà, ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wa ni ó sì tà á. Kò sí bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe ní gbóná.

Awakọ̀ akẹ́rù kan, ọ̀dọ́kùnrin tí ó wọ ẹ̀wù pupa ẹgbẹ́ náà, ni ó gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, “A dúpẹ́, a ti tà á! Eré 149, góòlù 15! Ó mọ ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò mọ bí a ti ń ṣí i.” Ìṣirò rẹ̀ pé, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà.

Bàbá oníṣòwò gẹdú kan, tí gbogbo wọn ń pè ní Alágbà, dá a lóhùn láìgbé ojú sókè kúrò lórí ìwé ìròyìn. “Ta ni ó gbá góòlù wọlé ní Uyo?” Ó ń sọ nípa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Zambia ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, nígbà tí góòlù ẹyọ kan tí Iwobi gbá wọlé gbé wa lọ sí Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà. Àwọn kan mi orí. Alágbà wá tẹ̀ síwájú: “Ọmọ ẹni kì í burú títí kí á fi fún ẹkùn pa jẹ. Igi gmelina tí wọ́n gbìn sínú igbó Olúwa níbí, ṣé ọdún tí wọ́n gbìn ín ni wọ́n gé e?”

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má bínú, Bàbá. Igi kì í gba owó oṣù.”

Ẹ̀rín tí ó sọ ní abẹ́ agbòòrùn náà, àwọn tí ó ń ta ọsàn ní òdìkejì títì gbọ́ ọ. Alágbà dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó ká ìwé ìròyìn náà, ó ní, “Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.” Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà tún wí pé, “Mílíọ̀nù pọ́n-ùn 28, Bàbá. Èwo ni ọ̀pọ̀ níbẹ̀?”

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Gbogbo wa ni a mọ ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá ṣe lórí ìjálá ní ọdún 1966, a sì mọ̀ pé oníjàálá kan a máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èkejì lẹ́nu bí ó bá ṣi oríkì pè, èkejì a sì dáàbò bo ara rẹ̀, síbẹ̀ eré kò ní bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ìdí ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí kò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀: iye eré, iye góòlù, ọjọ́ àti pápá. Bí ẹnìkejì bá pa òwe, o gbọ́dọ̀ fi òwe tàbí ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn, nítorí ẹni tí ó bá fi ìbínú dá òwe lóhùn ti pàdánù. Ẹ sì kíyè sí i pé bí ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń fọ́ ọ̀rọ̀ Alágbà túútúú, kò yé e pè é ní Bàbá, kò sì gbàgbé láti bẹ̀ ẹ́ kí ó má bínú. Láti ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé Òrè tí àwọn ti ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró, ni àwọn Yorùbá ti ń sọ pé ó le kú, ìjà Òrè. Ìjà ti abẹ́ agbòòrùn yìí náà le, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí wọ́n lò tún yà mí lẹ́nu. ‘A ti tà á.’ Ta ni ‘a’? Awakọ̀ náà kò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí. Ìpín tirẹ̀ nínú Arsenal kò ju owó péréte tí ó ń san ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti ẹ̀wù pupa kan lọ, bóyá a kò tilẹ̀ ran ẹ̀wù ọ̀hún ní ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ. Síbẹ̀ kò sọ pé ‘wọ́n’. Nígbà tí góòlù bá wọlé, ‘a’ ni ó gbá a; nígbà tí a bá tà, ‘a’ náà ni ó tà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ló wá kù. Bí a bá fi ojú òfin wò ó, a kì í ta ènìyàn nínú bọ́ọ̀lù. Ìwé àdéhùn ni ẹgbẹ́ kan ń gba owó lé lórí, agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì ní láti gbà kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí irọ́ tí ó wà nínú ‘tà’ kò pọ̀ tó báyìí. Jean-Marc Bosman, ará Bẹ́ljíọ̀mù, parí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ RFC Liège ní ọdún 1990, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní àfi kí àwọn ará Dunkerque san owó kí ó tó lè lọ. Ó pẹjọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, ọdún 1995, ilé-ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní Luxembourg dá a láre. Láti ìgbà náà ni ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí ti lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mọ́ àyà, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe ju títà lọ. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù, tí yóò sì sá la àárín àwọn òmìrán tí wọ́n fẹ́ là á mọ́lẹ̀ kọjá. Christian Okoye tí a bí ní Enugu ṣe iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ Kansas City. Ní ọdún 1989 ó sá yáàdì 1,480, kò sì sí ẹni tí ó sá tó o ní ọdún náà. Ní ọdún kan náà ni Dallas fi Herschel Walker, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Minnesota. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ tuntun tí ó kó sínú ọ̀rọ̀ náà tó 18. Walker kò ṣe tó bí wọ́n ti rò ní Minnesota. Àwọn tí Dallas fi ẹ̀tọ́ náà yàn wà lára àwọn tí ó gba ife fún un lẹ́yìn náà, àwọn olólùfẹ́ Minnesota kò sì tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ṣì ń bẹ lọ́hùn-ún, a kì í sábà bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Ó lè jí ní òwúrọ̀ kí ó gbọ́ pé òun ti di ará ìlú mìíràn.

Èdè tiwa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ èyí. Nígbà tí Chelsea ra Romelu Lukaku ní 2021 ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 97.5, tí kò sì ṣe bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n yá a padà fún Inter ti Ítálì ní 2022. Ní ilé ìwòran kan ní Odigbó, mo gbọ́ tí ẹnìkan wí pé, “Wọ́n ti fi í ṣe ìwọ̀fà.” Ẹ̀fẹ̀ ni, ọlọ́fẹ̀ náà sì mọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ń sìn nítorí gbèsè tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ jẹ. Ti Lukaku, ẹni tí ó san owó náà ni ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo bi bàbá mi pé ìlú wo ni ìyá ìyá rẹ̀ ti wá. Ó ní, “Ọjà ni ó ti wá.” Mo rò pé ó tajà ni. Mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, bàbá mi sì ti kú. Òwe tí Alágbà pa ní Òrè, kì í ṣe àfiwé lásán ni àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á fi ṣe. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ta ará ilé wọn, tí wọ́n wá á kiri, tí wọn kò rí i rà mọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí ní abẹ́ agbòòrùn náà, ṣùgbọ́n èmi rò pé òun ni ó mú kí ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

N kò sọ pé kí wọ́n yé lo ‘tà’. Èmi náà kò mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2024, mo wà ní ilé ìwòran ní Odigbó nígbà tí Côte d’Ivoire fi góòlù 2 sí 1 gba ife Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́. Bí eré náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa, mo gbọ́ ohùn kan tí ń pariwo pé, “Ẹ yọ Iwobi! Kò wúlò!” Ohùn mi ni. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú mi yíjú padà wò mí, nítorí ó mọ̀ mí sí olùkọ́.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, èébú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ dé ibi tí Iwobi fi yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lójú òpó Instagram rẹ̀, tí Ahmed Musa, balógun ikọ̀ náà, fi ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n jáwọ́. Ẹni ọdún 27 ni nígbà náà. Mo ka díẹ̀ nínú àwọn èébú náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìlò-èdè. Àwọn kan dára bí ọ̀rọ̀ awakọ̀ Òrè, wọ́n tilẹ̀ mú mi rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni Alágbà. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé ta ni ó gbá góòlù wọlé ní Uyo, kò sì sí ojú tí wọn yóò wò kí wọ́n tó wí pé ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ìjálá mọ ohun tí eré máa ń dà bí kò bá sí ẹni tí yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo tún dúró ní Òrè. Tábìlì náà ṣì wà, àwọn tí ń kàwé láìrà sì ń bẹ níbẹ̀. Alágbà ti ń lo ọ̀pá. Ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ náà ti níyàwó, ṣùgbọ́n ẹ̀wù pupa náà kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo rán wọn létí Nicolas Pépé, ẹni tí Arsenal rà ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 72 ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí wọ́n tó ta Iwobi. Kò sí owó tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n san rí títí di ìgbà náà. Ó gbá góòlù 27 wọlé nínú eré 112, wọ́n sì fòpin sí àdéhùn rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ó lọ sí Trabzonspor ní Tọ́kì láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀. Oṣù kan náà ni Iwobi dé Fulham, lẹ́yìn tí Everton ti gba owó lórí rẹ̀.

Alágbà ronú díẹ̀. Ó ní, “Mílíọ̀nù 72 náà ńkọ́? Ta ni ó wá jẹ gbèsè rẹ̀?”

Awakọ̀ náà wo ilẹ̀. Ó ní, “Àwa ni, Bàbá.”