Ìtọ̀ Ọkùnrin, Àgbo àti Àyẹ̀wò



Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni a mú wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Próstéètì ni. Ẹran kékeré bí kóró awùsá ni, ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ó bá wú, ìtọ̀ a máa kán díẹ̀díẹ̀, a sì máa jí ni lóru léraléra.

Àgbo ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń sáré sí. A kò bú àgbo. Òun ni a fi tọ́ wa dàgbà. Igi kan wà lórí òkè Kamẹrúùnù, ní ìhà ìlà-oòrùn sí wa níbí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prunus africana. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ará Faransé ti ń fi èèpo rẹ̀ ṣe oògùn próstéètì. Wọ́n bó o tó bẹ́ẹ̀ tí àdéhùn àgbáyé fi ń ṣọ́ títà rẹ̀ láti 1995. Ó lè dín ìnira kù fún àgbà tí próstéètì rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n kì í wo jẹjẹrẹ.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àrùn mẹ́ta ni ó lè fi àmì kan náà hàn. Èkínní ni èyí tí kòkòrò ń fà, tí ó ń mú ibà àti ìrora abẹ́ ikùn wá. Ọ̀dọ́ pàápàá lè ní in, oògùn apakòkòrò ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó sì ń fẹ́. Èkejì ni títóbi ọjọ́ ogbó. Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ, tí ó ń bá àwa ènìyàn dúdú jà ju ẹlòmíràn lọ, tí ó sì lè má fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀. Àgbo kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ fún wa.

Bàbá kan láàárín wa mu àgbo inú ògógóró fún oṣù mẹ́fà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó sọ. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ìtọ̀ ti sé pátápátá, kíndìnrín sì ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti pé ogójì ọdún, ẹ lọ bá dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ mú ìgò àgbo yín dání, kí ó mọ ohun tí ẹ ń mu. Bí ìtọ̀ bá sé, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá wa tì wọ́n lọ. A sì bẹ ẹgbẹ́ kí ó yọ díẹ̀ nínú owó òní fún àyẹ̀wò àwọn àgbà wa.

Ìlera ni ọrọ̀. Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà. Àṣẹ.