Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Àwọn Ọmọ Léèrè
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn olùsàká sọ)



Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìwòsàn tí ẹ ń fi owó sàká yín san fún àwọn ọmọ òrukàn wa. Ẹ kò fawọ́ sẹ́yìn. Àwa tí a wà nídìí ètò ni a ṣe àṣìṣe.

A bá ilé ìwòsàn kan ṣe àdéhùn pé àárọ̀ Àtàláátà ni kí àwọn ọmọ máa wá. Àwọn kéékèèké ń wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń bàlágà kò yọjú. A ní aláìmoore ni wọ́n. Àfi ìgbà tí ìrora dé sí ọmọbìnrin kan tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí a gbé e dìgbàdìgbà lóru. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò gba oògùn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo bi í léèrè. Ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú. Àárọ̀ Àtàláátà la máa ń ṣe ìdánwò. Bí mo bá sì dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì á pariwo pé kí àwọn ọmọ òrukàn tò sọ́tọ̀, á sì dárúkọ àìsàn mi létí gbogbo èèyàn." Ojú tì mí.

Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa ní èyí tipẹ́. Nínú Suuratu Saafaat, aya 102, àṣẹ Ọlọ́hun wà lọ́wọ́ Ànábì Ibrahim, síbẹ̀ ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó rí sí i. Sayyidina Umar pẹ̀lú mú Ibn Abbas, ọ̀dọ́ ni, jókòó láàrin àwọn àgbà tó ja ogun Badri. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNAIDS gbé ìlànà 8 jáde lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19. Ìkẹjọ ni pé kí àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ nínú ètò ìtọ́jú wọn.

Dókítà ni yóò máa yan oògùn o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti bí a ṣe ń gbà wọ́n, ẹnu wọn ni ká ti gbọ́ ọ. A ti sún un sí Àbámẹ́ta, nọ́ńbà ni wọ́n sì ń pè báyìí. Ọmọbìnrin yẹn ti ń gba oògùn rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ ìgbìmọ̀ ìlera wa, kí a máa gbọ́ tiwọn kí a tó náwó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n.

Kí Ọlọ́hun gba sàká wa. Àmín.