Sheikh Adam Al-Ilory àti Ẹ̀kọ́ Ọmọ Yorùbá
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀gùn)

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àwa tí a jẹ́ àlùfáà Ìgbàgbọ́ dìde láti yin aáfáà Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé orúkọ tí ẹ fi ń pè wá, èyíinì ni àlùfáà, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà tí a ń gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwàásù tí a ń ṣe. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Èdè Yorùbá ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory. Ní Wasa, ní ilẹ̀ Dahomey tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí, ni a gbé bí i ní 1917. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn aáfáà ńlá, ó sì rin ìrìn-àjò dé Íjíbítì ní 1946. Ní 1952 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1955 ó gbé e wá sí Agẹ̀gẹ́, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀gùn wa yìí. Ó di olóògbé ní 1992.

Ilé kéú àtijọ́ ti ṣe iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n ọmọ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí wàláà láìsí kíláàsì, láìsí ìdánwò, láìsí ìwé-ẹ̀rí. Sheikh Adam mú ìlànà ilé-ìwé wọ inú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ó fi hàn pé ènìyàn lè gba ohun rere láti ibòmíràn láìta ẹ̀sìn rẹ̀. Ó sì kọ ìwé púpọ̀ ní èdè Lárúbáwá lórí ìtàn ẹ̀sìn rẹ̀ ní Nàìjíríà àti lórí ìran Yorùbá. Ní ti àṣà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé èyí tí kò tako ẹ̀sìn kò yẹ ní jíjù nù. Bí a bá rò ó wò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó gba Ìsìláàmù kò di Lárúbáwá. Ọmọ Yorùbá ni síbẹ̀.

Ǹjẹ́ àwa Ìgbàgbọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí a jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ bàbá wa kan wọ ilé-ìwé ìjọ ní Ràṣídì, ó jáde ní Richard. Ìyá rẹ̀ kò sì lè pe orúkọ náà títí ó fi kú. Irú ẹ̀rù yìí ni ó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láìpàdánù ẹ̀sìn. Nítorí náà, nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní oṣù kẹfà 2022 pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba Èkó, inú àwọn kan nínú wa kò dùn, ṣùgbọ́n àwa rántí ìyá Ràṣídì. Ìdájọ́ lè ṣí ilẹ̀kùn. Kò lè mú ọkàn ṣọ̀kan. Iṣẹ́ tiwa ni ìyẹn.

A mú àbá mẹ́ta wá síwájú yín. Èkíní, kí a má ṣe gba orúkọ tàbí ẹ̀sìn ọmọ kankan gẹ́gẹ́ bí owó ilé-ìwé. Èkejì, kí a máa kọ́ ọmọ ní kíkà àti kíkọ Yorùbá ní ilé kéú àti ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bákan náà, nítorí ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ni ni èdè yìí. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa máa lọ wo bí a ti ń kọ́ni ní ilé kéú, kí àwọn aáfáà náà sì wá wo tiwa.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a sì kọ́ láti kẹ́gàn ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ kò ní pẹ́ tà á pẹ̀lú. Kí Olódùmarè fún wa ní àlàáfíà. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ yẹn náà ti wá.