Ọ̀já Tí Ó Wà Nínú Ara: Ọ̀rọ̀ fún Obìnrin Tí Ń Jókòó Ṣiṣẹ́

Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn aboyún àti àwọn abiyamọ sọ̀rọ̀ nípa ìlera wọn. Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ń fi pamọ́, èyíinì ni ara tí kò lágbára mọ́ nítorí ìjókòó pípẹ́ àti ọmọ bíbí, àti ọ̀nà tí a lè gbà mú un le padà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, ìdí tábìlì ni iṣẹ́ mi wà. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó tí mo ń kọ káàdì. Ní ọjọ́ kan mo sín, mo sì rí i pé ìtọ̀ díẹ̀ ti jáde. Mo ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ sí òde, aṣọ méjì ni mo máa ń ró. Bí wọ́n bá ń dápàárá, ẹ̀rù máa ń bà mí láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn sì ń dùn mí bí mo bá gbé korobá omi. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, oṣù 6 gbáko ni n kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, n kò lè bá ẹnikẹ́ni tí ó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ wí. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí ni ìjókòó pípẹ́ ń ṣe sí ara?

Iṣan ara wa ni a fi ń dìde, òun ni a fi ń rìn, òun náà ni a fi ń gbé ẹrù. Iṣan tí a kò bá lò, agbára rẹ̀ a máa dínkù. Ẹ wo ìyá tí ń ránṣọ, ẹ wo ìyá tí ń jókòó ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ wo akọ̀wé ní ọ́fíìsì. Yóò rẹ gbogbo wọn ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n pé ó rẹ ènìyàn kò sọ pé iṣan rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Iṣan ìdí, ti itan, ti ikùn àti ti ẹ̀yìn kò rí iṣẹ́ ṣe lórí ìjókòó. Díẹ̀díẹ̀ ni agbára wọn ń lọ. Èjìká a tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn a máa ro ni, àtidìde lórí àpótí á wá di iṣẹ́.

Nígbà tí oyún bá tún dé, ikùn a fẹ̀ fún oṣù 9. Iṣan méjèèjì tí ó wà ní iwájú ikùn a ya díẹ̀ kúrò lára ara wọn kí ọmọ lè rí àyè. Lẹ́yìn náà ni ìrọbí àti ìbímọ fúnra rẹ̀, tí ó ń fa iṣan ìsàlẹ̀ ara gidigidi.

Ẹ ronú nípa ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Bí a bá so ó dáadáa, ọmọ a dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí ó bá tú, ọmọ a máa yọ̀ wálẹ̀. Irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ wà nínú ara wa. Iṣan kan wà lábẹ́ àwọn iṣan ikùn yòókù tí ó yí ikùn ká bí ọ̀já, tí ó sì ń di ẹ̀yìn mú. Iṣan mìíràn tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìbàdí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òun ni ó gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ọ̀nà ìgbẹ́ dúró. Bí ọ̀já inú yìí bá dẹ̀, ìtọ̀ lè máa jáde bí a bá wúkọ́, bí a bá sín tàbí bí a bá gbé ẹrù wúwo.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni àwọn ìyá wa fi aṣọ di ikùn fún lẹ́yìn tí a bímọ. Bí aṣọ náà kò bá fún jù, ó lè jẹ́ kí ara rọ̀ wá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè fún iṣan ní agbára. Bí ó bá sì fún jù, yóò máa ti ohun tí ó wà nínú ikùn lọ sí ìsàlẹ̀, lórí iṣan tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀já inú ni kí a tọ́jú.

Eré ìdárayá tí ń jẹ́ Pilates

Eré ìdárayá kan wà tí ó dá lórí ọ̀já inú yìí. Joseph Pilates, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí ní ọdún 1883, ni ó dá a sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe eré náà. Ara rẹ̀ kò le nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì há a mọ́ pẹ̀lú àwọn ará Jámánì mìíràn. Ní àhámọ́ náà ni ó ti ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní eré ìdárayá. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Amẹ́ríkà, òun àti Clara ìyàwó rẹ̀ sì ṣí ilé ìkọ́ni kan ní New York. Ọdún 1967 ni ó kú. Lóde òní, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe eré yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹní kan ṣoṣo lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀. Kò sí fífò, kò sí sísáré. Mímí dáadáa, fífa ikùn wọlé, àti rírọra gbé apá tàbí ẹsẹ̀ ni.

Kí ni ó ń ṣe fún ara? Ní ilẹ̀ Tọ́kì, àwọn onímọ̀ kó àwọn obìnrin tí kì í ṣe eré ìdárayá jọ, wọ́n sì ní kí apá kan nínú wọn ṣe Pilates lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ 5. Nínú àbọ̀ ìwádìí náà tí ó jáde ní ọdún 2007, iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn àwọn obìnrin náà le sí i, ó sì rọrùn fún wọn láti tẹ̀ síwájú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń fi eré náà sílẹ̀. Èmi pàápàá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 mo gun orí òṣùwọ̀n, kò yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Inú bí mi, mo ní n kò ṣe mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òtútù mú mi, mo ń wúkọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìgbà tí mo fẹ́ sùn ni mo tó rántí pé aṣọ mi gbẹ. Òṣùwọ̀n kò mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi mọ̀. Ẹ má ṣe fi òṣùwọ̀n ṣe onídàájọ́ agbára yín. Ẹ bi ara yín pé: ṣé mo lè dìde láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀? Ṣé mo lè gbé ọmọ láìsí pé ẹ̀yìn ń ro mí? Ṣé mo lè rẹ́rìn-ín láìbẹ̀rù?

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí kò fún. Ẹ tẹ́ ẹní sí ilẹ̀ tí kò yọ̀.

Èkínní: Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ ká eékún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà ní ilẹ̀. Ẹ fi imú mí sínú kí egungun ìhà fẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ẹnu mí síta, ẹ rọra fa ìdodo sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10. Ẹ má ṣe sé èémí nínú gbogbo eré wọ̀nyí.

Èkejì: Ẹ fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ dá ìtọ̀ àti ìsó dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Èyí kò nílò ẹní. A lè ṣe é ní ìdí ọjà tàbí nínú mọ́tò, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe máa fi ìtọ̀ gidi kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta: Ní ìdùbúlẹ̀ bí ti ìṣáájú, ẹ mí síta, kí ẹ gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀ títí èjìká, ìbàdí àti eékún yóò fi wà ní ìlà kan. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà 8.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ fi ọwọ́ àti eékún lélẹ̀ bí ọmọ tí ń rá. Ẹ fa ikùn wọlé, kí ẹ na apá ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn. Ẹ dá wọn padà, kí ẹ ṣe ti ìhà kejì. Ìgbà 6 ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó, ní ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀. Ẹ fún un ní oṣù 3 kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ máa fi ìrìn kánkán kún un pẹ̀lú. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, ó kéré tán kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ìrìn kánkán tàbí irú rẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ 2 mú iṣan le. Aboyún àti abiyamọ tí dókítà kò bá dá dúró náà wà nínú àwọn tí a gbà níyànjú láti ṣe ìṣẹ́jú 150.

Ìkìlọ̀

Aboyún, ẹ bi agbẹ̀bí yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí oyún bá ti kọjá oṣù 4, ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó ṣe é. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó ṣe ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Bí ẹ bá gbé orí sókè tí àárín ikùn yín sì yọ gọngọ, ẹ má ṣe eré tí a fi ń dìde jókòó láti ìdùbúlẹ̀. Ẹ wá rí wa.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí àyà bá ń dùn yín, bí omi oyún bá ń jáde, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. Bí ìtọ̀ bá ń jò láìdáwọ́ dúró tọ̀sán tòru, pàápàá lẹ́yìn ìrọbí tí ó pẹ́, eré ìdárayá kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ihò ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi obìnrin náà. Àwọn dókítà lè fi iṣẹ́ abẹ dí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sí inú yàrá.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá wa gbé ọmọ fún ìṣẹ́jú 20 péré. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má ṣe fi í pamọ́ bí mo ti ṣe fi í pamọ́. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yín nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì tẹ́ ẹní yín ní alẹ́ òní. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.