Ata Ẹja Yíyan: Ti Òní àti Ti Inú Ìgò

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ti ń kà á. Kò sí ìkánjú.

Ọ̀rọ̀ ata ẹja yíyan ni. Ata tí a lọ̀, tí a gún ẹja yíyan mọ́, tí a da òróró lé, tí a ń ti iṣu sísè bọ̀ ọ́ jẹ. Ta ni kò jẹ ẹ́ rí ní Parakou níbí? Wọ́n ń fi í jẹ àkàsà. Wọ́n ń fi í jẹ dòdò. Ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, ẹ fi díẹ̀ sí etí àwo rẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò jẹun.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ìyá á se ata yìí, á rọ ọ́ sínú ìgò, á fi í sínú ẹrù ọmọ tó ń lọ sí Parakou. Láti ọdún 2001 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú náà, ẹrù bẹ́ẹ̀ kò kéré mọ́. Ọmọ á gba yàrá kékeré kan, á se iṣu tàbí kó ra àkàsà, á ṣí ìgò ìyá rẹ̀.

Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi náà. Ata náà dára. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ṣí ìgò, ó dún ṣìì, òróró sì yọ ìfófòó. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n fi ṣíbí ré òkè rẹ̀ dànù, pé ìsàlẹ̀ kò ní nǹkan kan. A ré e, a jẹ ẹ́. Ní òru ọjọ́ náà, àwa méjèèjì kò sùn. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ilẹ̀ mọ́, a kò lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ọlọ́run yọ wá. Ìyá mi kò mọ̀ títí tí mo fi parí ẹ̀kọ́. N kò lè sọ fún un.

Kí ni ìyá mi ṣe tí kò dára? Ó fọ ẹja. Ó fọ ìgò. Ó da òróró púpọ̀ lé e lórí, nítorí àwọn àgbà ní òróró kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí ọjà ná. Ní ọjà Arzèkè, ẹ ó rí ẹja àrọ̀ tí wọ́n ká rọ́bọ́tọ́ tí wọ́n sì yan. Ẹ ó rí epìyà. Púpọ̀ nínú ẹja odò ń ti Malanville wá, níbi tí Odò Ọya ti kọjá. Malanville sí Parakou lé ní 300 kìlómítà. Ẹja òkun ń ti Kùtọnu wá, ìyẹn sì lé ní 400 kìlómítà. Ẹja tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ mú un lọ́wọ́. Ẹja tó gbẹ a máa le. Bí ó bá rọ̀ bí búrẹ́dì, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ikùn rẹ̀ wò. Bí funfun bí òwú bá wà níbẹ̀, ó ti hu, ẹ dá a padà. Bí ìyẹ̀fun bá ń dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ gbọ̀n ọ́n, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò wọ́n ẹja kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Àwa ará Borgou mọ òórùn oògùn òwú. Kò sẹ́ni tó lè fi bò wá lójú. Bí ẹja bá ń rùn bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á, bí wọ́n tilẹ̀ gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Omi gbígbóná kò lè fọ oògùn náà kúrò.

Wàyí o, oríṣi ata ẹja méjì ló wà, a kò sì gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti òní. Èkejì jẹ́ ti inú ìgò.

Ti òní kò le. Ẹ mú ẹja yíyan kan tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé. Ẹ yọ orí àti ìfun rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí iyanrìn jáde. Ẹ sè é nínú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ó hó dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ yọ egungun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ wá a, kì í ṣe ojú nìkan, nítorí àwọn ọmọ. Ẹ se ata tútù 6, tòmátì 3 àti àlùbọ́sà 1 títí wọn yóò fi rọ̀. Ẹ lọ̀ wọ́n lórí ọlọ. Ẹ gún ẹja náà nínú odó, kí ó má kúnná jù. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ da òróró ẹ̀pà ṣíbí 3 sí i. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bu iyọ̀, nítorí ẹja mìíràn ti ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń fi irú díẹ̀ sí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò gbà.

Ẹ jẹ ẹ́ lónìí. Bí ó bá kù di alẹ́, ẹ gbé e kaná, kí ó hó, kí ẹ tó tún jẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní fírísà, ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Ata yìí kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò tí a dé pa.

Ẹ óò béèrè pé, bí a bá da òróró lé e lórí ńkọ́? Ẹ gbọ́ mi. Òróró ń lé afẹ́fẹ́ lọ. Kò lé omi lọ. Ẹja sísè ní omi. Ata tútù ní omi. Tòmátì, omi ni gbogbo ara rẹ̀. Omi wà nísàlẹ̀, òróró dé e mọ́ ibẹ̀. Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, inú erùpẹ̀ ló ń gbé. Ó lè bá ẹja wọlé, ó lè bá àlùbọ́sà wọlé. Irúgbìn rẹ̀ le; omi híhó lásán kò pa á. Ibi tí omi wà tí afẹ́fẹ́ kò sí ni ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ó bá jí níbẹ̀, oró ló ń tu sínú oúnjẹ. Àwọn dókítà ń pe àìsàn rẹ̀ ní bótúlísìmù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ abúlé nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ilé oúnjẹ kan fún àwọn èèyàn ní ẹja sàdín. Onílé oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló kó ẹja náà sínú ìgò. Ó ṣí àwọn ìgò kan, wọ́n ń rùn, ó dà wọ́n nù. Àwọn ìgò yòókù kò rùn, ó bù wọ́n fún àwọn èèyàn. Àwọn tó lé ní 10 ṣàìsàn. Obìnrin kan kú. Oró yìí kì í sábà fi òórùn hàn. Nítorí náà, “mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn” kò tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ oúnjẹ inú ìgò, tí ó wá ń rí nǹkan kan ní méjì, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí ara rẹ̀ ń rọ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì ni yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìgò náà dání.

Ó dára. Kí ni ìyá yóò wá fún ọmọ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ará Gánà. Wọ́n ní ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣìtọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn máa ń gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹja gbígbẹ àti edé gbígbẹ ni wọ́n ń fi ṣe é. Àṣírí rẹ̀ ni pé wọ́n ń dín in pẹ́ títí omi yóò fi tán nínú rẹ̀.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ egungun ẹja yíyan, ẹ má sè é. Ẹ tún yan án lórí iná tí kò le, títí yóò fi gbẹ tí yóò máa dá kákáká lọ́wọ́. Ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́. Ata gbígbẹ ni kí ẹ gún, kì í ṣe ata tútù. Ẹ gbàgbé tòmátì. Ẹ gbé agbada kaná, ẹ da òróró púpọ̀ sí i. Ẹ dín àlùbọ́sà títí yóò fi pọ́n tí yóò sì gbẹ, pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹ lọ̀. Ẹ da ẹja sí i, kí ata tẹ̀lé e. Ẹ dín iná kù. Ẹ máa rò ó, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ kí aládùúgbò, nítorí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò jó.

Ẹ ó rí i tí ó ń yọ ìfófòó kéékèèké. Omi ló ń jáde yẹn. Nígbà tí ìfófòó bá dáwọ́ dúró, tí òróró bá dákẹ́ tí ó sì mọ́ gaara lókè, tí èéfín omi kò sí mọ́, omi ti lọ. Ó lè tó wákàtí kan. Igi ìdáná yóò lọ sí i, n kò ní purọ́ fún yín.

Ẹ má dé e nígbà tó gbóná. Òógùn ìdérí yóò kán padà sínú rẹ̀, omi tí ẹ ti lé lọ yóò tún wọlé. Ẹ fi asẹ́ bò ó títí yóò fi tutù. Ẹ se ìgò nínú omi híhó, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ó gbẹ pátápátá. Ìgò kékeré 3 dára ju ìgò ńlá 1 lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni a óò máa ṣí ọ̀kan. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé ṣíbí gbígbẹ ni kó fi bù ú, kó má fi iṣu tútù bọ inú ìgò. Ohun tí ọmọ yóò jẹ tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi máa ń fún un. Ìgò tó bá dún ṣìì, tàbí tí ìdérí rẹ̀ wú, kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Kó gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, kí ajá má bàa jẹ ẹ́.

Ó ku iṣẹ́ kan, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kọ ló ni í. Ẹ mú bébà kékeré. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

ATA ẸJA GBÍGBẸ.
A SÈ É NÍ ỌJỌ́ ...
JẸ Ẹ́ TÁN NÍ ỌJỌ́ ...
MÁ FI OMI KÀN ÁN.

Ẹ fi ọjọ́ sí ibi tó ṣófo. Ẹ fi bébà náà mọ́ ara ìgò. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ní ilé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí, ìgò ata kì í pẹ́ kó tó yí ọwọ́ padà.