Ẹ̀rọ Etí Kì Í Ṣe Àìnígbàgbọ́

(Bíbélì kíkà: Máàkù 7:31-37)

  

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀bi tèmi bẹ̀rẹ̀. Màmá kan wà nínú ìjọ wa, òfì ni wọ́n ń tà lọ́jà Òjé. Ìyàwó ọmọ wọn wá bá mi tẹkúntẹkún. Ó ní bí òun bá kúnlẹ̀ kí ìyá láàárọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń kọjá bí ẹni pé kò séèyàn níbẹ̀. Ó ní wọn ò fẹ́ òun nílé. Mo gbàdúrà, mo lé ẹ̀mí ìyapa jáde, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta! (Ẹ̀rín) Ìjà ò tán. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn màmá, mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò yíjú. Ìgbà tí mo bọ́ síwájú wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Pásítọ̀. Ìgbà wo lẹ dé?" Háà! Kò sí ẹ̀mí ìyapa kankan. Etí ni.

Ẹ wo Jésù. Wọ́n mú adití wá, kò pariwo mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ mú un kúrò láàárín èrò. Kò fi í ṣe ìran wò. Àwa ńkọ́? "Ṣé etí yín di ni?" Léfítíkù 19:14 sì ti kìlọ̀ fún wa o.

Ìgbà tá a ní kí màmá lọ sí UCH, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú etí, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu làwọn ń retí, àti pé wọ́n á máa pe àwọn ní adití lọ́jà. Mo yọ awò ojú mi. Mo ní, "Màmá, ṣé èmi náà ò nígbàgbọ́ ni?" Andrew Foster, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di adití. Kò gbọ́ràn títí ó fi kú lọ́dún 1987. Òun ló dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn yìí lọ́dún 1960. Ta ló máa sọ pé kò nígbàgbọ́?

Ẹ má kàn ra ẹ̀rọ etí kiri o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí yín wò, torí ti ẹlòmíràn, ìdọ̀tí lásán ló dí i. Ẹ̀rọ yìí kì í sọ etí di tuntun, ohùn ló ń gbé sókè, àti ohùn tẹ́ ẹ fẹ́ àti èyí tẹ́ ò fẹ́. Ìdí nìyẹn tí màmá fi yọ tiwọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n dì í sí etí ìró! Wọ́n ní ariwo abọ́ fẹ́ pa àwọn. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi í sétí nílé díẹ̀díẹ̀, tó fi mọ́ wọn lára. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Àmọ́ a ń ra aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ẹ má bínú sí mi. (Ẹ̀rín)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ẹ̀rọ ata láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ dáàbò bo etí yín. Ẹ̀yin ọmọ tó wà nídìí gbohùngbohùn náà, ẹ dín in kù. Ọlọ́run wa kì í ṣe adití. (Ìjọ: Hàlelúyà!)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó yẹn kí màmá láti ìdáná. Màmá dáhùn látinú yàrá. Ó ní ṣe lòun jókòó sílẹ̀, tóun ń sunkún.

Mọ́tò ìjọ á gbéra lọ sí UCH ní Túsìdé, aago méje àárọ̀. Ẹ bá wa mú àwọn àgbà yín wá. Ẹ dìde, ká gbàdúrà.