Owó-Orí àti Ààlà Ilẹ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ kan gbogbo ilé. Bí ènìyàn bá kó kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí èkejì nítorí owó-orí àti ọ̀wọ́n ohun gbogbo, kí ni ó jẹ ìlú tí ó gbà á, kí sì ni ìlú náà jẹ ẹ́?

Ní ilẹ̀ Yewa, ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 10 August 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn fa ààlà la àárín àwa àti àwọn ará wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní ìhà ọ̀hún, Faransé gbé owó-orí lé àwọn ènìyàn, wọ́n ń fi ipá kó wọn ṣiṣẹ́, alákòóso àgbègbè sì lè jù wọ́n sẹ́wọ̀n láìjẹ́ pé wọ́n dé ilé-ẹjọ́. Títí di 1946 ni èyí rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n tún ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun. Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò jà. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì kọjá sọ́dọ̀ ìbátan wọn ní ìhà ti wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìtàn yìí sínú ìwé tí ó jáde ní 1976.

Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kò gba owó-orí. Ní 1918, owó-orí wà lára ohun tí ó fa Ogun Adùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ èyí tí ó wúwo jù.

Lónìí, láti Èkó ni àwọn ènìyàn ń wá sí Ògùn. Wọ́n ń gbé Àgbárá, Ọ̀tà àti Ifọ̀, wọ́n sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó láràárọ̀. Àwọn ọmọ wa wà nínú wọn. Àwọn kan ń sọ pé owó-orí Ògùn kéré sí ti Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń díwọ̀n owó-orí lórí owó-oṣù ní gbogbo ìpínlẹ̀. Láti 1 January 2026 tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a kì í gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí òfin ń ṣírò lọ́dún, ìbáà ṣe ní Èkó, ìbáà ṣe ní Ìlaró tàbí Ayétòrò. Owó ilé àti owó ilẹ̀ ni ó fúyẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ èrè rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ kúrò.

Ibi tí ó ti ń dùn wá nìyí. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì Èkó bá ṣì wà nínú ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀, Èkó ni owó náà ń lọ. Ilẹ̀ wa ni ó ń sùn, ilé-ìwé wa ni ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó sì ń ráhùn lórí ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn tí owó wọn lè tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ lọ tún àdírẹ́sì yín ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilẹ̀, ẹ má ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ẹ má sì gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tí ó ti sanwó ilẹ̀ tán. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe òfin lòdì sí ìwà ajagungbalẹ̀ ní 2016. Ẹni tí ó sá fún ẹrù wúwo, tí a tún di òmíràn rù, yóò tún sá. Ẹ̀yin aṣojú wa nínú ìjọba, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó sanwó rí ohun tí a fi ṣe.

Àwọn tí ó ré ààlà kọjá nígbà àwọn baba wa di ara ìlú, ọmọ wọn ti di ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí fún àwọn tí ó ń bọ̀ lónìí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Olódùmarè bù kún ìlú wa. Àṣẹ.